Idà àtijọ́ àwọn ará Fílípíìnì: báwo la ṣe ń dá a mọ̀, kí la sì fi ń tọ́jú rẹ̀?

Délé_Baltimore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra idà kan ní gbàǹjo ẹrù olóògbé níbí, ní Maryland. Àwọn ọmọ olóògbé ní bàbá àgbà bàbá àwọn ló gbé e bọ̀ láti Fílípíìnì nígbà tó ń ṣe sójà níbẹ̀, láàárín 1900 sí 1910. Wọn ò ní ìwé kankan lórí rẹ̀, àfi fọ́tò ọkùnrin náà nínú aṣọ ológun. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan.

Irin rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 55 ní gígùn, ojú méjèèjì ló sì mú. Láti ìdí, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ títí dé ìdajì, ó wá gún gbọọrọ dé ṣóńṣó. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Orí èèkù funfun, ó ní ìkó bí ẹnu ẹyẹ, wọ́n sì fi fàdákà wé ọrùn rẹ̀. Àkọ̀ rẹ̀ jẹ́ pátákó méjì tí wọ́n fi pàǹkẹ́rẹ́ dì pọ̀, ó ti ya lẹ́nu. Irin náà ti dógùn-ún níbi púpọ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kris Indonéṣíà ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ó tó ọdún mélòó? Ṣé kí n fi sàǹpépà ha á?

Ọmọowú

Délé, gbé sàǹpépà yẹn sọnù o jàre! Ohun tó bá ti há kúrò lára irin yẹn, kò sí ẹni tó lè dá a padà, owó tó yẹ kó pa á sì bá a lọ nìyẹn. Ya fọ́tò ibi tí irin ti pàdé èèkù wá ná, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gbogbo èèyàn ló máa ń ya ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ìdí ni ọ̀rọ̀ wà.

BàbáGbàǹjo

Délé, o ṣeun tí o ṣàlàyé dáadáa. Kris ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti Indonéṣíà. Ti àwọn Moro ni, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí gúúsù Fílípíìnì: Tausug ní Sulu, Maranao àti Maguindanao ní Mindanao, Yakan ní Basilan. Ti Java, ní Indonéṣíà, kéré, ó tín-ín-rín, gígún ni wọ́n fi ń gún èèyàn. Ti Moro tóbi, ó wúwo, ṣíṣá ni wọ́n dìídì rọ ọ́ fún. Ìdí nìyẹn tí ìrù irin tó wọ inú èèkù ti Moro fi máa ń ní igun mẹ́rin, kí èèkù má baà yí mọ́ ẹni tó ń jà lọ́wọ́. Ìrù ti Java rí roboto.

Ní ti ọjọ́ orí, wò ó bóyá o rí ìlà kan ní ìdí irin náà, tó fi hàn pé irin kékeré kan jókòó lórí irin ńlá. Irin kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní gangya. Nígbà àtijọ́, alágbẹ̀dẹ (panday ni wọ́n ń pè é níbẹ̀) á rọ gangya lọ́tọ̀, á wá kì í bọ ìrù idà. Tí ìlà náà bá gún láti etí kan dé èkejì, idà náà lè ti wà ṣáájú 1800. Tó bá gún, tó wá ṣẹ́ ní igun nígbà tó kù díẹ̀ kó kan etí, ọ̀rúndún kọkàndínlógún la sábà máa ń pè é, ó sì lè wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Tí kò bá sí ìlà, tàbí tó jẹ́ pé wọ́n kàn fa ìlà sára irin kan ṣoṣo láti fi tan ojú, ọmọ ọ̀rúndún ogún ni.

Wò ó tún bóyá o rí ìdè pẹlẹbẹ tó di gangya mú, tó sì wọ abẹ́ fàdákà ọrùn èèkù. Asang-asang ni. Òun ló ń jẹ́ kí irin àti èèkù má pínyà. Ẹyọ kan tàbí méjì ló máa ń wà. Orí èèkù tí o rí bí ẹyẹ yẹn, kakatua ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ tó bá odídẹrẹ́ tan. Ère ẹyẹ yìí wà lára barong, idà Moro mìíràn, náà.

Délé_Baltimore

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti fi fọ́tò sí i. Ìlà náà wà, ó sì ṣẹ́ wálẹ̀ ní apá òsì. Nígbà tí mo tan iná sí i, mo rí i pé irin méjì ni lóòótọ́, ìdọ̀tí ti wọ àárín wọn. Asang-asang kan wà, ojú ibi tí ìkejì wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gangya, wọ́n gbẹ́ nǹkan kan tó dà bí ọwọ́ ìjà erin tó ká sókè!

BàbáGbàǹjo

Àwa náà máa ń pe ibẹ̀ ní ọwọ́ ìjà erin. Gbogbo kris Moro ló ní in, bí wọ́n sì ṣe gé e wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá Sulu ló ti wá tàbí Mindanao. Nínú fọ́tò rẹ, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ mọ́ gan-an. Ayédèrú máa ń ní kòtò lásán níbẹ̀.

Ní tèmi, ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ó sì bá ìtàn ìdílé yẹn mu. Ìjọba Sípéènì gbé Fílípíìnì fún Amẹ́ríkà ní 1898, wọ́n gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́nà ogún. Àwọn Moro kò gbà pé Sípéènì ní ohun tó lè tà nínú ilẹ̀ àwọn, wọ́n sì bá Amẹ́ríkà jà títí di 1913. Ní 1911, John Pershing, tó jẹ́ gómìnà wọn, pàṣẹ pé kí gbogbo Moro kó ohun ìjà wọn sílẹ̀. Nítorí náà, oríṣiríṣi ọ̀nà ni idà wọn gbà dé Amẹ́ríkà: wọ́n gba òmíràn lójú ogun, wọ́n ra òmíràn lọ́jà, wọ́n fi òmíràn ta sójà lọ́rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn ogun gba owó kún owó lọ́wọ́ rẹ láìsí ìwé. Fọ́tò sójà kì í ṣe ẹ̀rí pé idà wà lójú ogun.

Ṣọlá.K

Ẹ má bínú sí mi o, mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ yín rú díẹ̀. Ní March 1906, lórí òkè Bud Dajo ní Jolo, àwọn sójà Amẹ́ríkà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún... ó kéré tán, ó lé ní ẹgbẹ̀ta Moro, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n ya fọ́tò lórí òkú wọn. Wọ́n kó idà ibẹ̀ lọ sílé. Àwa náà la ń pariwo pé kí wọ́n dá ère Benin tí wọ́n kó ní 1897 padà. Ṣé a wá fẹ́ máa fi gbàǹjo ra ti ẹlòmíràn, ká sì máa jiyàn lórí irú ọ̀dà tó yẹ ká fi kùn ún?

Jìnádù_Houston

Ṣọlá, ọ̀rọ̀ rẹ kò dà mí láàmú, ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́. Àmọ́ ère Benin, ààfin kan ni wọ́n ti kó o, a mọ ọjọ́, a mọ ẹni tó ni ín. Kris kan tí ọmọkùnrin kan rà lọ́jà Zamboanga ní 1908 ńkọ́? Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń rọ ọ́ tà fún sójà nígbà náà. Ibi tí mo bá ẹ dé ni pé tí ìwé bá wà tó ní Bud Dajo tàbí Bud Bagsak, òkè mìíràn tí wọ́n ti jà, ni wọ́n ti mú un, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi yangàn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Balangiga, ìlú kan ní Fílípíìnì, tí sójà Amẹ́ríkà kó ní 1901, wọ́n dá a padà ní December 2018. Ó ṣeé ṣe.

Ṣọlá.K

Ó ṣeé ṣe nígbà tí wọ́n mọ̀ pé agogo ni, tó sì ní ìlú. Délé, kọ gbogbo ohun tí ìdílé yẹn sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé: orúkọ sójà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, ọdún tó lọ, ọdún tó bọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wà ní ilé ìkówèésí ìjọba, ẹ lè mọ ibi tó wà ní 1906. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ju ìyẹn lọ.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ṣọlá, Ọlọ́run á bù kún ọ. Èmi náà ní ọ̀kan, kò sì jọ ti Délé rárá. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ará Iloilo ní Fílípíìnì, ló sọ fún mi pé talibong ni, ó ní kí n má pè é ní kris mọ́ nítorí pé àwọn ará ìlú òun kì í ṣe Moro. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún díẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ, ó wá ṣe ṣóńṣó. Èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, wọ́n gbẹ́ ojú abàmì kan tó la ẹnu sí i. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀gbẹ́ kan irin náà tẹ́ pẹrẹsẹ, èkejì nìkan ló dagun. Ṣé ẹnì kan ló ti pọ́n ọn bàjẹ́ ni?

Jìnádù_Houston

Rárá, Àǹtí mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní erékùṣù Panay nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n ń pọ́n. Iloilo sì wà ní Panay, ẹni yín mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí apọ́nbẹ kankan pọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì “kó lè dọ́gba”. Mo ti rí talibong dáadáa tí wọ́n bàjẹ́ báyìí.

Ojú abàmì yẹn, àwọn kan á ní bakunawa ni, ejò ńlá tó ń gbé òṣùpá mì nínú ìtàn àwọn Visaya, ìyẹn àwọn ará àárín gbùngbùn Fílípíìnì. Àwọn mìíràn á ní kìnnìún. Ìwo ẹfọ̀n omi, ìyẹn carabao, ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni kòkòrò: tí ẹ bá rí ihò tuntun tó ní ìyẹ̀fun lẹ́nu, ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó yọ́ tán nínú ọ̀rá náà kí ẹ tó tú u.

Délé_Baltimore

Mo rí ọ̀pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà á ní dọ́là 80, wọ́n ní “antique kris”. Ayédèrú ni gbogbo wọn?

BàbáGbàǹjo

Ayédèrú kọ́ ni gbogbo wọn, ohun ìrántí arìnrìn-àjò ni púpọ̀. Irin wọn fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ bí o bá fi ọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Wọ́n á fi ìkarahun tó ń dán ṣe èèkù àti àkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbẹ́ òdòdó sára irin. Ó dára láti gbé kọ́ ògiri. Kò pẹ́.

Ẹ̀yà kan tún wà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí tí ọ̀pọ̀ olùkójọ ń yẹ̀yẹ́: èyí tí wọ́n rọ fún sójà Amẹ́ríkà ní 1944 àti 1945. Sípíríǹgì mọ́tò jíìpù ni wọ́n fi rọ òmíràn, èèkù rẹ̀ á jẹ́ alúmíníọ́mù tàbí gíláàsì oníke tí wọ́n gé láti ara bàálù tó já, wọ́n á kọ “Luzon P.I. 1945” sára rẹ̀. Irin gidi ni sípíríǹgì. Alágbẹ̀dẹ tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ìlú rẹ̀ ló ṣe é, tó fi wá oúnjẹ. Èmi ò rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìyẹn. “P.I.” náà wúlò fún wa, nítorí pé Philippine Islands ni wọ́n ń kọ kí wọ́n tó gba òmìnira ní July 1946.

Ọmọowú

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtọ́jú, torí ibẹ̀ ni ìkà ti ń ṣẹlẹ̀.

Délé, ìpáàrà méjì ló wà. Èyí tó pupa, tó ń yọ ìyẹ̀fun sí ọ lọ́wọ́, ó ṣì ń jẹ irin lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Èyí tó dúdú, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ tó sì ń dán, ọjọ́ orí ni, òun gan-an ló ń dáàbò bo irin. Fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́ fi òwú tó ní ọtí spirit nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, da epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́ sórí ibi tó pupa, jẹ́ kó sùn lé e, kí o wá fi irun irin tó dára jù, 0000, rọra ra á lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ irin, má ṣe yí ọwọ́ po. Ibi tó ga bí kókó, igi ọparun tí o gbẹ́ ṣóńṣó ni kí o fi hú u. Tí o bá ti dé dúdú, dúró.

Epo tí o máa fi pa á tán, mineral oil ni. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe àdí àgbọn, bó ti wù kí ìyá rẹ gbàgbọ́ nínú rẹ̀ tó. Epo oúnjẹ á kan, á di lẹ́ẹ̀, á sì mú eruku. Èmi fẹ́ràn Renaissance Wax jù, òun ni ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ń lò: ó fẹ́lẹ́, ó gbẹ, o sì lè fi ọwọ́ kàn án. Wọ ìbọ̀wọ́ nígbà gbogbo, òógùn ọwọ́ máa ń dà sára irin bí iyọ̀.

Fàdákà ọrùn èèkù, má fi Brasso kàn án. Ó ń há a díẹ̀díẹ̀, ìyókù ẹ̀fun rẹ̀ á sì wọ inú okùn èèkù, kò ní jáde mọ́ láé.

Bí èèkù bá mì, jẹ́ kó mì. Oje igi tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ìrù irin mọ́ inú rẹ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń fọ́. Ẹni tó bá da epoxy sínú rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn pa, kò sẹ́ni tó tún máa wo ìrù náà mọ́.

Jìnádù_Houston

Bó ti rí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ásíìdì. Moro máa ń rọ irin oríṣi púpọ̀ pọ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á tún un rọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ lọ́ àárín rẹ̀. Tí o bá fi fíníńgà gbígbóná tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa irin tó mọ́, àwòrán ìlà yẹn á yọ. Èmi ò gbà pé ìbàjẹ́ ni. Àwọn tó ni idà gan-an ń ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, fi omi oníṣódà nù ún, fi omi mímọ́ ṣàn án, gbẹ ẹ kíákíá, kí o pa epo.

Ọmọowú

Àwọn tó ni ín ń ṣe é sára idà wọn, wọ́n sì mọ irin wọn. Délé kò tíì mọ̀ bóyá irin rẹ̀ ní àwòrán kankan. Ásíìdì kò ṣeé gbà padà, ó sì máa ń wọ abẹ́ gangya, níbi tí omi ìfọ̀ ò lè dé, ìpáàrà á wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ò tó.

Jìnádù_Houston

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìda dí ojú ìlà náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ó rì í sínú garawa!

BàbáGbàǹjo

Ẹ̀yin méjèèjì á jà síbí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Délé, fi epo pa á ná, kí o gbé e sábẹ́ iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́. Tí irin bá ní ìlà, o máa rí díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ti dúdú yẹn. Tí o kò bá rí nǹkan, kò sí ìdí fún ásíìdì.

Ohun kan wà tí ẹ ò tíì sọ: bí o ṣe máa yọ ọ́ nínú àkọ̀. Pátákó méjì ni, okùn ló dì í. Tí o bá fi gbogbo ọwọ́ gbá àkọ̀ mú, tí o sì fa idà, ojú irin lè gba àárín pátákó jáde wá gé ọ níka. Kris mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí náà, orí ibi pẹlẹbẹ nìkan ni kí o fi ìka mú. Èyí tó ya lẹ́nu yẹn, má fi superglue kàn án. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi awọ ẹran sè ni àwọn atúnnǹkanṣe mùsíọ́mù ń lò, torí omi gbígbóná lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Má sì tú pàǹkẹ́rẹ́ àtijọ́ sílẹ̀.

Yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Irin fẹ́ kó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi àti eyín á ya tó bá gbẹ jù. Àárín ni a ń wá.

Délé_Baltimore

Sà, ẹ ní “eyín”. Ṣé eyín erin ni orí èèkù funfun yìí?

BàbáGbàǹjo

Fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó níbi tí wọ́n ti gé e lábùú. Tí o bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dábùú ara wọn bí àwọ̀n, erin ni. Tí o bá rí àmì dúdú wínníwínní, egungun ni. Tí kò bá sí nǹkan kan, oníke lè ni, tàbí eyín ẹranko omi. Má gbọ́ ti àwọn tó ní kí o fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Leeds

Délé, wádìí ọ̀rọ̀ eyín yìí dáadáa kí o tó ronú títà. Níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin eyín erin 2018 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2022. Kò sọ pé ká má ní in nílé, àmọ́ a ò gbọdọ̀ tà á, àfi tó bá wọ inú àwọn tí òfin yọ̀ǹda. Ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1947, tí eyín inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wà lára wọn, o sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Jìnádù_Houston

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ gbà ká ta ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ ló sì máa fi ẹ̀rí hàn. New York àti California ní òfin tiwọn tó le ju ìyẹn lọ. Fọ́tò sójà àti ìwé tí Ṣọlá ní kí o kọ yẹn á wúlò níbẹ̀ náà.

Délé_Baltimore

Mo ti rí ìlà tó ń dábùú ara wọn. Erin ni. Mi ò ní tà á. Ìbéèrè ìkẹyìn: mò ń bọ̀ nílé, ní Ìbàdàn, ní December. Ṣé mo lè gbé e dání kí bàbá mi rí i? Ó fẹ́ràn nǹkan báyìí.

BàbáGbàǹjo

Má ṣe é. O lè di idà sínú ẹrù abẹ́ bàálù, kì í ṣe èyí tí o gbé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n eyín erin tó bá sọdá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, láti ibi tó ti ń kúrò, tó bá tún padà, ọ̀rọ̀ tuntun ni. Tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà á ní Murtala Muhammed, o ò ní rí i mọ́. Pe bàbá rẹ lórí fídíò, kí o yọ idà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níṣojú wọn.